Bàbá Tíṣà àti Agbo-ilé Tí Kò Ṣeé Dín

Ní ọjọ́ tí a sin Bàbá Tíṣà, bàbá tó bí bàbá mi, ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìrókò, ó gbé ìwé síwájú ojú, ó sì kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wa pé olóògbé kò ṣe àṣìṣe rí títí ó fi jáde láyé. Ìjọ ṣe àmín. Inú bí mi débi pé mo ní láti di ẹ̀yìn àga iwájú mi mú kí n má baà dìde dá a lóhùn. Irọ́ gbuu ni. Bàbá àgbà mi ṣe àṣìṣe, wọ́n ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe fẹ́ràn obì. Èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀, ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kí n lè sunkún dáadáa lẹ́bàá sàréè wọn, nítorí ẹni tó bá jẹ̀bi òkú, ẹkún rẹ̀ kì í já gaara.

Ẹni tí wọ́n kà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí mo mọ̀ jẹ́ bàbá kúkúrú kan tí ara wọn gbẹ, tó jẹ́ pé òwú dúdú ni wọ́n fi so ọwọ́ ìgò ojú wọn kan mọ́ ara nítorí ó ti ṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ti kọ́ni ní ilé ìwé ìjọ ní Lálúpọn, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní àwọn abúlé míì lẹ́yìn Ìbàdàn, kí wọ́n tó padà sí Ìrókò ìlú wọn wá jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Ọdún tí ìwé ọ̀fẹ́ dé ni bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé nígboro, mú mi lọ bá wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Ọ̀dọ̀ wọn àti ọ̀dọ̀ Màmá, ìyàwó wọn, ni mo dàgbà sí, Àbẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè mí kò sì jẹ́ kí n mọ orúkọ mi kejì títí mo fi wọ kíláàsì.

Ẹ̀pà sísun kì í wọ́n nínú àpò ṣòkòtò kákí wọn. Lójoojúmọ́, nínú ìṣirò tí wọ́n bá kọ sójú pátákó, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kan síbẹ̀, wọ́n á wá dákẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ tó bá rí i, tó nawọ́ sókè, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ni tirẹ̀. Ariwo kíláàsì wa máa ń dé ojú títì. Ní ọjọ́ kan, wọ́n pín nǹkan, wọ́n sì gbàgbé èyí tó ṣẹ́kù. Mo rí i, kò sí ẹlòmíì tó rí i, mo sì dákẹ́. Nígbà tí a ń lọ sílé, wọ́n bi mí bóyá n kò rí i. Mo ní mo rí i, ojú ló ń tì mí láti sọ níwájú àwọn ọmọ pé bàbá mi ṣì í. Wọ́n dúró sójú ọ̀nà gangan, àwọn tó ń ti oko bọ̀ sì ń kí wa, wọn ò dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, "Bí o bá rí i tí o ò sọ, kì í ṣe èmi nìkan ló ṣì í mọ́. Àwa méjèèjì ni."

Ìwà kan tún wà lára wọn tó máa ń mú kí Màmá pariwo: wọ́n fẹ́ràn láti máa yọ nǹkan kúrò lára nǹkan. Wọn kì í fi kún un, wọ́n á kàn máa yọ ọ́ ni. Wọ́n yọ ẹsẹ̀ kan kúrò lára àpótí ìdáná Màmá láti fi hàn pé mẹ́ta tó o dúró, ó sì dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbìyànjú méjì, Màmá ló wà lórí rẹ̀. Ọbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní kí Màmá máa yọ ohun kan kúrò nínú ọbẹ̀ lójoojúmọ́, kí a lè mọ ibi tí ọbẹ̀ ti ń di omi. A yọ irú, a jẹ ẹ́. A yọ edé, a jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta Màmá yọ iyọ̀, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn jókòó síwájú Bàbá, wọ́n ń wò wọ́n. Bàbá fi òkèlè kan sẹ́nu, wọ́n rọra gbé e mì. Wọ́n ní, "Ìyá Dúró, a ti dé ibi tí kò ṣeé dín mọ́."

Nítorí ìwà yìí ni àwọn ará Ìrókò fi máa ń pè wọ́n sí ìjà ààlà. Tẹ̀gbọ́ntàbúrò kan wà lọ́nà Akínyẹlé tí wọ́n ń jà nítorí ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí bàbá wọn pín fún wọn. Ẹ̀gbọ́n gbin pèrègún kan sí ààlà, àbúrò gbin méjì, ẹ̀gbọ́n tún gbin mẹ́ta sí i, títí ààlà náà fi di igbó tó wọ́ kọrọkọrọ, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó gbà mọ́. Bàbá Tíṣà dé, wọ́n fa okùn láti ẹ̀bá odò dé ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n fi pèrègún kan sílẹ̀ ní ìkángun kìíní, ọ̀kan ní ìkángun kejì, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn hú gbogbo ìyókù. Àbúrò ní ó kéré jù, kí wọ́n fi bíi mẹ́ta sí i nítorí ọjọ́ iwájú. Bàbá ti da pèrègún tí wọ́n hú sí èjìká. Wọ́n ní, "Ọ̀kan ò tó. Méjì tó. Ìwọ tó fẹ́ ẹ̀kẹta, ìjà lo fẹ́, ààlà kọ́."

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ pé eré kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọkàn wọn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n ṣe ìdánwò oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, èyí tí wọ́n ń fi ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì yege. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní kí wọ́n wá sinmi wàyí. Ibi tí ẹlòmíì ti máa ń sinmi gan-an ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Dókítà Láoyè dé láti òkè òkun. Láoyè yìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Bàbá ti kọ́ ọ nígbà kan rí ní Lálúpọn, kò sì sí ọmọ tó jẹ ẹ̀pà wọn tó o. Ó ti wá di olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì n'Ìbàdàn. Láràárọ̀ Sátidé, Bàbá á gun kẹ̀kẹ́ dé Mọ́níyà, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ síbẹ̀, wọ́n á wọ lọ́rì lọ bá a ní ọ́fíìsì. Dókítà á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn lójú àwọn òyìnbó, lẹ́yìn náà Bàbá á jókòó, wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á sì máa pe ọmọ tí wọ́n kọ́ ní "sà".

Dókítà Láoyè ló fi ìmọ̀ tuntun kan hàn wọ́n, òun ni wọ́n sì bá kú. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé girama ni mo fẹ́ sọ ọ́ yìí, nítorí n kò tíì rí ìwé kankan tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n fọkàn ro agbo-ilé kan tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lè pọ̀ débi tí kò lópin. Bí ẹni méjì nínú rẹ̀ bá pa pọ̀, ẹni tó bá jáde lára wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ agbo-ilé náà. Baálé kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá bá a pa pọ̀ kò ní yí padà. Ẹnikẹ́ni tó bá sì rìn lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó lè dá a padà sọ́dọ̀ baálé. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó ṣe ọgbà sínú agbo-ilé náà, ọgbà oríṣiríṣi, ńlá àti kékeré, kí ẹni méjì yòówù tí a bá mú lè rí ọgbà tó ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

"Wàyí o," wọ́n wí, "máa tú ọgbà náà."

"Títí di ìgbà wo, Bàbá?"

"Títí dé ibi tó jẹ́ pé bí o bá tún tú ohunkóhun, ẹni méjì á wà tí o ò ní lè yà sọ́tọ̀ mọ́. Agbo-ilé tó bá ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí a ò lè tú nǹkan kan nínú ọgbà rẹ̀, òun là ń pè ní èyí tí kò ṣeé dín. Àwọn agbo-ilé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mo fẹ́ mọ̀ wọ́n tán."

Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ ọmọ ilé ìwé, agbo-ilé, baálé, ọgbà, àti ojúlé, èyí tó jẹ́ agbo-ilé kékeré nínú agbo-ilé ńlá, tó ń pa òfin kan náà mọ́ lábẹ́ baálé kan náà. Bàbá àti Dókítà Láoyè jà nítorí rẹ̀ títí. Dókítà ní kò sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde ní òkè òkun bẹ́ẹ̀. Bàbá ní kí Dókítà tó mọ èdè òkè òkun máa túmọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn kò lè fi ẹnu àlejò ronú. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì la ọdún wàhálà kọjá, nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn ò ṣeé gbà, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn gba inú oko lọ sí Mọ́níyà nítorí Sátidé. Màmá ní wọ́n máa pa wọ́n sójú ọ̀nà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa pa ẹni tó mú ìṣirò nìkan dání.

Mo wọ yunifásítì náà, ìṣirò ni mo sì kà. Ní Kérésì ọdún kejì mi níbẹ̀, Bàbá fi ìwé àjákọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ti parí. Dókítà Láoyè ti kà á, ó ti ń túmọ̀ rẹ̀ láti fi ránṣẹ́. Wọ́n ní èmi ni wọ́n fẹ́ kó kà á gbẹ̀yìn kó tó lọ, kí n má kà á bí ọmọ. Wọ́n ní, "Kà á bí ọ̀tá."

Mo jókòó sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé fún ọjọ́ méjì, mo kà á. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ dára débi pé mo rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Lẹ́yìn náà ni mo dé orí gbólóhùn kan: bí agbo-ilé bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé dín, gbogbo ojúlé tó wà nínú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀rí kankan lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Mo wá ẹ̀rí rẹ̀ fúnra mi, kí n lè fi kún un fún wọn, n kò rí i. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo mọ ìdí tí n kò fi rí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ojú ewé tó tẹ̀lé e ló sì gbára lé e.

Mo mọ bó ṣe wọlé. Òyìnbó kì í ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní ọ̀dọ̀ wa, ojúlé kì í dá ní odi. Odi agbo-ilé ni odi rẹ̀, ẹnu ọ̀nà agbo-ilé ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ohun tó bá sì jẹ́ ti agbo-ilé jẹ́ ti gbogbo ojúlé inú rẹ̀ láìbéèrè. Ta ló máa wá ẹ̀rí pé ọmọ ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀? Àní Dókítà Láoyè tó kàwé dé òpin, agbo-ilé ni wọ́n bí i sí, ó kọjá lórí gbólóhùn náà bí ẹni kọjá lójúde ilé wọn. Ká ní wọn ò pè é ní ojúlé ni, bóyá wọn ì bá dán an wò.

Mo lọ bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí.

"Màmá, Bàbá ti ṣì í."

"Ṣi kí ni?"

"Ìwé wọn. Ibi kan ni, ṣùgbọ́n ó bà á jẹ́ láti ibẹ̀ lọ."

Wọ́n gbé àtẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìn bóyá Bàbá ń bọ̀. "Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Rárá, Màmá."

"Má sọ ọ́. O gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún wa ní ọsibítù nípa ẹ̀jẹ̀ ríru yìí. Wọ́n ní kí nǹkan kan má ká wọn lára. Ọdún mẹ́fà, Àbẹ̀kẹ́! Ìṣojú mi ló ṣe. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọn ò ní dìde ńbẹ̀." Wọ́n di ọmú wọn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Mo fi ọmú tí bàbá rẹ mu bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ta ló máa mọ̀ ní òkè òkun?"

Ẹni tí ìyá bàbá rẹ̀ bá fi ọmú bẹ̀, kò sí ibi tó tún fẹ́ sá gbà. Mo wọlé lọ bá Bàbá. Wọ́n ti wọ ìgò ojú wọn, wọ́n ti jókòó, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí orúnkún bí ọmọ tó ń retí èsì ìdánwò. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́, mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kì mí ní oríkì títí omi fi bọ́ lójú mi, wọ́n sì rò pé ayọ̀ ni.

Mo gbé e kiri fún oṣù mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, Dókítà Láoyè pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní lẹ́tà ti dé, wọ́n máa tẹ iṣẹ́ Bàbá jáde. Ó ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Mo wò ó, mo sì rí i lójú ọkàn mi, àwọn onímọ̀ tó máa kà á níbi tó jìnnà, ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tó máa rí gbólóhùn náà, àti bó ṣe máa rẹ́rìn-ín. Kò mọ Bàbá, kò mọ ẹ̀pà, kò mọ Mọ́níyà. Orúkọ wọn nìkan ló máa mọ̀, yóò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wọ lọ́rì lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo bá Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. N kò lè sọ ọ́ lẹ́nu lásán, nítorí náà mo tọrọ òwú lọ́wọ́ Màmá, mo so orí rẹ̀ pọ̀ kó lè di òrùka, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Mo ní kí Bàbá jẹ́ kí òrùka yìí jẹ́ agbo-ilé, èyí tí a jọ mọ̀ pé kò ṣeé dín. Mo wá mú àwọn ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ pupa tín-ín-tìn-ìn, mo ń fi sí i lójú òwú: baálé rèé, ẹni tó tẹ̀lé e rin ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan, ẹni tó tún tẹ̀lé e rin irú ìgbésẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ títí láé, ìgbésẹ̀ náà sì jẹ́ irú èyí tí kò lè padà bọ́ sójú baálé bó ti wù kó yípo tó. Ojúlé kan nìyí. Mo béèrè bóyá ẹni méjì lè wà nínú ojúlé yìí tí wọ́n dojú kọ ara wọn gẹ́lẹ́, ọ̀kan níhìn-ín, èkejì lódì kejì òrùka.

Bàbá ronú. "Rárá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí a bá tún rin ìrìn àárín wọn lẹ́ẹ̀kejì, a ó padà sójú kan náà. O sì ti ní kò gbọdọ̀ padà."

Mo ká òrùka náà po, ó di ìlọ́po méjì, ojú kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí èyí tó dojú kọ ọ́. Ọgbà ti dín kù. Nínú agbo-ilé lápapọ̀, ẹni méjì tó dojú kọ ara wọn ti pàdé, a ò mọ̀ wọ́n yà mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ojúlé tiwa, kò sí ẹyọ kan tó bọ́ sórí èkejì. Gbogbo wọn ṣì dá yàtọ̀.

Mo rí i nígbà tó yé wọn. Ọwọ́ wọn tó ti ń na bọ̀ síbi òwú náà dúró lófuurufú. "Ojúlé ṣeé dín," wọ́n wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, "Nígbà wo lo rí i?"

N kò lè purọ́ lẹ́ẹ̀kejì. "Ní Kérésì, Bàbá. Lọ́jọ́ tí mo kà á."

Bàbá ò wo Màmá, n kò sì wo Màmá. Màmá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọn ò sọ nǹkan kan. Títí Bàbá fi kú, wọn ò mọ ẹni tó bẹ̀ mí. Wọ́n yọ ìgò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọn ò sì tètè wọ̀ ọ́ padà. "Àṣìṣe tèmi kò dùn mí," wọ́n wí. "Àgbà tó bá ń rìn á kọsẹ̀. Ìwọ ni mo gbé ìwé fún pé kó o kà á bí ọ̀tá, o sì lọ kà á bí àlejò."

N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Bí ó bá jẹ́ àgbà mìíràn ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá kú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà Láoyè gan-an, nígbà tó gbọ́, ní àwọn lè yọ gbólóhùn náà ní ìdákẹ́jẹ́. Bàbá kọ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n fi gba oyè, ooru sì mú, wọ́n ní kí Dókítà kó àwọn olùkọ́ ìṣirò àti àwa ọmọ ilé ìwé jọ. Wọ́n dúró níwájú wa, wọ́n gun àpótí pákó kan kí ọwọ́ wọn lè tó ojú pátákó. Wọ́n ní ohun tí àwọn kọ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ àwọn ló rí i, wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n fa òwú jáde nínú àpò, wọ́n sì fi hàn gbogbo ènìyàn bí wọ́n ṣe ṣubú, láìfo ibì kankan, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní ìsọdipúpọ̀. Kérésì kò sí nínú ohun tí wọ́n sọ. Òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn bá a ṣe é. Bàbá gbé ọwọ́ sókè dá wọn dúró. "Wọn kì í pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣubú," wọ́n wí. "Ẹ bá mi wá ibi tí mo máa gbà dìde."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi wá a. Ìbéèrè wọn ni pé, bí kì í bá ṣe gbogbo ojúlé, irú èwo wá ni kò ṣeé dín? Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, èmi náà sì ń dá wọn lóhùn. Àwọn lẹ́tà náà kò ní ìbínú nínú, kò sì ní oríkì nínú. Ìṣirò nìkan ni. Nínú èyí tó kẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ti ń rí i fìrífìrí, pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà ní ibi tí a ti ká òwú: a rí ibẹ̀ ká nítorí pé baálé àti ẹni tó dojú kọ ọ́ gẹ́lẹ́ jẹ́ ìdílé kékeré kan, ojúlé wa kò sì ní ẹnì kankan níbẹ̀ yàtọ̀ sí baálé. Wọ́n ní kí n wá. Ìdánwò mi ku ọjọ́ mẹ́fà, mo ní kí n ṣe é tán. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ríru kọlù wọ́n ní òwúrọ̀, ilẹ̀ kò sì ṣú bá wọn.

Mo bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn ìsìnkú, kì í ṣe pé mo gbọ́n tó wọn, wọ́n ti gbé e dé ibi tó ju ìdajì lọ. Ní oṣù kẹjọ, mo rí i. Bí ojúlé kan bá tàn káàkiri agbo-ilé tí kò ṣeé dín, òun náà kò ní ṣeé dín bí ó bá ní ènìyàn tirẹ̀, yàtọ̀ sí baálé, nínú gbogbo ìdílé kéékèèké tó ní odi nínú agbo-ilé náà. Bí ìdílé kan bá wà tí kò ní ẹnì kankan níbẹ̀, ibẹ̀ la ó ti ká òwú. Kò ju gbólóhùn méjì lọ. Dókítà Láoyè kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì lọ dúró létí fèrèsé.

Mo lọ sí Ìrókò. Màmá jókòó níwájú ilé nínú aṣọ opó, ara wọn ti fà. Kò sí ẹlòmíì tí mo lè sọ fún, mo jókòó tì wọ́n, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, agbo-ilé, ojúlé, òwú. Wọn ò kàwé rí, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ́tí dáadáa, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè méjì tó mọ́gbọ́n dání.

"Ṣé ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn?"

"Òun ni, Màmá."

Mo rí ìka wọn tó ń rìn lórí itan, wọ́n ń ka oṣù. Kérésì dé Àjíǹde. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún kà á.

"Àbẹ̀kẹ́. Ká ní mo jẹ́ kó o sọ ọ́ nígbà Kérésì yẹn, ṣé wọn ì bá rí i kí wọ́n tó lọ?"

Mo mọ ohun tí gbogbo ìlú máa ń sọ fún opó. Ọlọ́run ló mọ̀. Àkókò ló tó. Ó ti wà lẹ́nu mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Bàbá fi dé ibi tó ju ìdajì lọ, a sì ti fi oṣù mẹ́rin dù wọ́n, èmi àti ìyá tó jókòó tì mí yìí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," mo wí. "Wọn ì bá ti rí i."

Wọ́n fi etí aṣọ bojú. Wọ́n sunkún títí àwọn tó ń kọjá fi yà wá kí wa, tí wọ́n sì tún lọ. Èmi náà sunkún, ó sì já gaara, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá. Nígbà tó ṣe, Màmá nawọ́, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò wò mí.

"Ó dùn mí," wọ́n wí. "Má fi irú rẹ̀ pamọ́ fún mi láé."